“Turn it off” àbí “look after it”: ibo ni arọ́pò-orúkọ ń jókòó sí?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC ní Ilé-Ifẹ̀ máa ń kọ “turn off it”. “Turn it off” ló tọ́. Àmọ́ “look it after” ò tọ̀nà. “Look after it” ni.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe ló fa ìyàtọ̀. “Off” lè ṣípò: “turn off the gen” dára, “turn the gen off” náà dára. Bó bá di arọ́pò-orúkọ bíi “it” tàbí “them”, àárín nìkan ló gbà. “After” ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn. Iwájú àbọ̀ rẹ̀ ló máa ń wà.

Yorùbá gan-an ní irú méjèèjì. “Bàjẹ́” máa ń là: ba ọkọ̀ jẹ́, bà á jẹ́. “Tọ́jú” kì í là: tọ́jú ọmọ, tọ́jú rẹ̀. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yà ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ lè wà lẹ́yìn “off”, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé òun “bàjẹ́ ọkọ̀”, ì báà ṣe ará Lágere tàbí Mọ̀dákẹ́kẹ́.

Tó o bá ń ṣiyèméjì, kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀-orúkọ sáàárín. “Look the child after” ò ṣeé gbọ́ sétí, nítorí náà ẹ̀yìn ni “her” máa wà.