Cities: Skylines: ilé ẹjọ́ kì í ṣí bí olè kò bá pọ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ rà á. Cities: Skylines ni mò ń wí, géèmù tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú lórí kọ̀ǹpútà, tí Colossal Order ti ìlú Tampere ní Finland ṣe, tí Paradox Interactive ti Sweden sì gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2015. Ó ti pẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ya àwòrán ilé ní Kubwa, Abuja níbí gbé e dáadáa, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ kò tíì gbó: àwọn ilé àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n tì pa, tí owó nìkan kò lè ṣí.

Bó ṣe rí nìyí. Wọ́n á fún yín ní ilẹ̀ kan àti owó géèmù 70,000. Ẹ ó la títì, ẹ ó fa iná àti omi, ẹ ó fọwọ́ sọ pé ibí ni ilé gbígbé, ibí ni ọjà, ọ̀hún ni ilé-iṣẹ́. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọlé. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlú ń gboyè, láti Little Hamlet títí dé Megalopolis, oyè kọ̀ọ̀kan sì ń ṣí nǹkan tuntun. Gbogbo géèmù irú èyí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ilé àrà ọ̀tọ̀ ni tiwa. Èrò púpọ̀ nìkan kò tó fún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní májẹ̀mú tirẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ sì lè kọ́ nínú irú kọ̀ọ̀kan.

Májẹ̀mú mìíràn dùn ún mú ṣẹ. Transport Tower ń fẹ́ kí èrò tó ń wọ ọkọ̀ ìjọba pọ̀. Èmi la ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó ń já láti àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ibi ọ́fíìsì, mo sọ ọ́ ní "Kubwa sí Berger" (ẹ lè yí orúkọ padà bó bá ṣe wù yín), mo wá jókòó ń wo bí àwọn èèyàn kéékèèké ṣe ń tò sí ibùdókọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ti ẹnìkejì.

Àwọn májẹ̀mú yòókù ló le. Court House, ilé ẹjọ́, kò ní ṣí àfi bí ìwà ọ̀daràn bá gòkè ní ìlú, kó sì wà lókè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú géèmù. Àbúrò ọkọ mi ló mú géèmù náà wọ ilé wa. Àgùnbánirọ̀ ni, ọ̀dọ̀ wa ló wọ̀ sí. Òun ló là mí lóye.

"Àǹtí, ẹ pa àwọn àgọ́ ọlọ́pàá."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ pa wọ́n. Bí ilé ẹjọ́ bá ti ṣí, ẹ tún wọn tàn."

"Ìwọ ọmọ yìí, ìjọba wo lo fẹ́ lọ bá ṣiṣẹ́?"

Ṣùgbọ́n mo pa wọ́n. Olè gba ìlú, ilé ẹjọ́ ṣí, mo tan ọlọ́pàá padà. Lazaret Plaza ni ọwọ́ mi kò gbà. Àìsàn ló ń ṣí ìyẹn, ọ̀nà tó sì yá jù ni kí ẹ da omi ìdọ̀tí sínú odò lókè ibi tí ẹ ti ń fa omi mímu. Omi inú géèmù yìí ń ṣàn ní tòótọ́, ó ń gbé ẹ̀gbin lọ sísàlẹ̀. Èmi tí mò ń bá àwọn oníbàárà jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ pé kí wọ́n gbé sọ́kàwéè jìnnà sí kànga! Mo ní kí àbúrò ọkọ mi gba máósì, mo bọ́ sí kíṣìnì.

Ẹni tó bá ń gbé Abuja á mọ ìdí tí ètò yìí fi wọ̀ mí lára. Níbí, ilé ńlá ló ṣáájú èrò. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣòfin pé ibí ni olú-ìlú yóò wà. Ní 1984, Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ ti dúró. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba tó kó dé láti Èkó. Ẹ tún wo Millennium Tower, mítà 170 sójú ọ̀run, tí à ń wò láti ọ̀nà jíjìn láti ọdún pípẹ́ wá. Nínú géèmù, kò sí ìjọba tó lè fi ẹsẹ̀ kejì ṣáájú èkíní bẹ́ẹ̀. Ilé àrà ọ̀tọ̀ ń wá lẹ́yìn ohun tí ìlú ti là kọjá, nítorí náà bí ẹ bá ń wo tiyín, ẹ mọ ìtàn tó bí i.

Ibi tí inú ti bí mi nìyí: àwọn ilé arabaríbí, tí wọ́n ń pè ní Monument. Kí ẹ tó lè kọ́ ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́ àwọn ilé àrà ọ̀tọ̀ kan pàtó sílẹ̀ fún un, torí ẹ̀ ni gbogbo wàhálà òkè yẹn. Kí wá ni èrè ẹ̀? Hadron Collider á máa kọ́ gbogbo ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́, ẹ lè wó gbogbo ilé-ìwé. Medical Center á máa tọ́jú gbogbo wọn. Fusion Power Plant á mú 16,000 mẹ́gáwáàtì wá láìsí èéfín. (Iná orí wáyà gbogbo Nàìjíríà kì í sábà kọjá 5,000. Ínfátà ló gbé láptọ́ọ̀pù mi nígbà tí mo ka iye yẹn, ẹ̀rín pa mí.) Lẹ́yìn èyí, kí ló kù fún yín láti ṣe? Ó dà bí kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó ń tọ́ ọ, kí wọ́n ní kó lọ sinmi. Ìyọnu omi, ilé-ìwé àti pàǹtírí gan-an ni adùn géèmù náà.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ kọ́ Eden Project, tó ń sọ ilẹ̀ gbogbo ìlú di olówó ńlá, ẹ kọ́ Space Elevator tó bá wù yín, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ á ya wọlé. Ẹ fi Hadron Collider àti Medical Center sílẹ̀.

Ohun kan wà nínú géèmù náà tí wọ́n ń pè ní Unlock All. Ẹ tàn án, gbogbo ilé á ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gba àmì-ẹ̀yẹ kankan mọ́. Àbúrò ọkọ mi ń lò ó. Ìlú rẹ̀ rẹwà, kò sì lè sọ fún yín ìdí tí ilé ẹjọ́ fi wà níbi tó wà.

Ẹ dúró de ìgbà tí wọ́n bá já owó rẹ̀ wálẹ̀ lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń já a dáadáa. Ẹ má kọ́kọ́ ra àfikún kankan, ti ìpìlẹ̀ tó. Ẹ̀yà kejì, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2023, fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára ju tèmi lọ fíìfíì. Bí tiyín bá rí bíi tèmi, èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú.