Sítíkà 8GB lórí RAM 4GB: bí mo ṣe fi mẹ́mọ́rì kún kọ̀ǹpútà mi n'Íkẹjà

"Màdáàmù, graphics ló jẹ 4GB tó kù."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi jókòó kọ èyí: mẹ́mọ́rì (RAM) 16GB ni mo sanwó fún, 12GB ni kọ̀ǹpútà mi rí. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́ fún mi, lójú ọmọọṣẹ́ rẹ̀ àti lójú àwọn oníbàárà tó wà ní kàǹtà, fóònù ló sì ń tẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Computer Village ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òpópónà Otigba, kò sì dín ní ọgọ́rùn-ún ṣọ́ọ̀bù tó jọ ọ́.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, báńnà, gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ mọ́ Ṣómólú. Dell OptiPlex 7010 tòkunbọ̀ ni mo fi ń ṣe é. Kò láàrùn kankan lára, àfi pé 4GB ló bá wá. Tí mo bá ti ṣí CorelDRAW, tí mo ṣí Photoshop tẹ̀ lé e, tí oníbàárà tún fi fọ́tò ránṣẹ́ tí mo fẹ́ wò nínú Chrome, ìjàngbọ̀n dé nìyẹn. Mẹ́mọ́rì á kún, kọ̀ǹpútà á wá máa kó ohun tí kò ráyè fún lọ sórí háàdì-dísìkì, bí ìyá ọlọ́jà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún tó ń to ọjà sí títì. Disk á fò lọ sí 100% nínú Task Manager (ibi tí Windows ti ń fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́), mouse á dúró sójú kan, oníbàárà á sì dúró lẹ́yìn mi tí á máa bi mí pé ṣé mi ò tíì ṣe tán ni.

Mi ò rídìí tí mo fi máa ra ẹ̀rọ tuntun. Ojú mẹ́rin ni 7010 ní fún RAM, ó sì lè gbé 32GB. DDR3, irú RAM tó ti pẹ́, ló ń lò, mo sì dúpẹ́ pé òun ni, torí láti ìparí 2025 ni owó DDR4 àti DDR5 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti kúrò ní nǹkan tí èèyàn ń fi ẹnu lásán sọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀gá ní dọ́là ló fà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Samsung, SK Hynix àti Micron ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ṣípù mẹ́mọ́rì láyé, àwọn ilé iṣẹ́ AI tó ń rà á rẹpẹtẹ ni wọ́n sì kọjú sí báyìí. Micron tiẹ̀ kéde ní December 2025 pé òun ò ní ta Crucial, orúkọ tó fi ń ta RAM, fún àwa ará ọjà mọ́. DDR3 tòkunbọ̀ nìkan ni apá irú wa ṣì ń ká.

Mo ra 8GB méjì, mo ní kí wọ́n yọ 4GB àtijọ́ kúrò, torí mo fẹ́ kí méjì tó dọ́gba jọ máa ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin tó ń gbowó níbẹ̀ dáa gan-an, kí n sọ òdodo. Ó fún mi ní àga, kò pariwo mọ́ mi nígbà tí áláàtì báńkì pẹ́ kó tó wọlé, ó sì kọ ọ́ ketekete sórí rìsíìtì: RAM DDR3 8GB, méjì, wárántì oṣù kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Computer Village mọ̀ pé "no refund, no exchange" ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sórí tiwọn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ki RAM bọ̀ ọ́. Ó tàn án, Windows yọjú, ó pa á, ó ní iná ò dúró re. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lé ẹsẹ̀ nínú dáńfó, ó di Ṣómólú.

Ní Ṣómólú ni mo ti ṣí Task Manager. 12.0 GB.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ, ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ sọ ni pé kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà, kò lè rí i tán. Mo ní Dell fúnra wọn ló kọ 32GB sínú ìwé rẹ̀. Ó ní Windows mi ni, pé 32-bit ni. Mo ṣí i fún un, 64-bit ló wà níbẹ̀; àti pé Windows 32-bit tí a ń lò nílé kì í rí ju 4GB lọ, níbo wá ni 12 ti jáde? Ìgbà yẹn ló wá sọ ọ̀rọ̀ graphics. Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ni pé graphics (ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀) tó wà nínú irú ẹ̀rọ yìí máa ń yá díẹ̀ lára mẹ́mọ́rì. Ṣùgbọ́n Task Manager ń kọ iye tó yá sílẹ̀, "Hardware reserved" ni wọ́n pè é, tèmi ò sì súnmọ́ 1GB rárá, ká má tíì sọ 4GB. Mo nàka sí i. Ó ní, "Màdáàmù, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Inú bí mi dé góńgó. Kì í ṣe tìtorí owó. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe mùmú nígboro ni.

Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ò tíì sọ nǹkan kan látìgbà yẹn. Ọmọ tí kò lè ju ogún ọdún lọ, pẹ̀lú súkúrúdíráfà ní àpò ẹ̀yìn. Ó tún kọ̀ǹpútà náà tàn, ó tẹ F2 láti wọ ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, ó yí mọ́nítọ̀ sọ́dọ̀ mi. "Àǹtí, ẹ wò ó." Kọ̀ǹpútà ti kọ RAM síbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: DIMM 1, 8192 MB, DIMM 2, 4096 MB. Ó pa á, ó yọ wáyà iná, ó tẹ bọ́tìnì kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè tán, ó fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kó tó kan ohunkóhun nínú. (Ọ̀gá ò ṣe ìkankan nínú èyí.) Ó yọ RAM kejì, ó yí i padà. "8GB tó ń bá irú kọ̀ǹpútà yín ṣiṣẹ́, ṣípù mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn ló sábà máa ń ní, mà." Ẹ̀yìn èyí pá. Ó wá fi èékánná ṣí sítíkà 8GB yẹn díẹ̀díẹ̀, sítíkà àtilẹ̀wá sì yọ lábẹ́ rẹ̀: 4GB 1Rx8 PC3-12800U.

Ọkùnrin kan tó ti mú RAM méjì dání, tó ń dúnàádúrà, rọra dá wọn padà sórí kàǹtà.

Ọ̀gá ní ẹni tó kó ọjà wá fún àwọn ló ṣe é. Ó lè jẹ́ òótọ́, àpò àpò ni wọ́n ń ra àwọn nǹkan yìí. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀ mí. Ọmọ yẹn ló ní "ẹ má bínú, mà", ọmọbìnrin rìsíìtì náà sì tẹ̀ lé e.

Látibẹ̀ lọ ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó yà mí lẹ́nu. Ọmọ náà mú 8GB mìíràn, ó fi rọ́bà ìpàwé nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí tí ìdìmú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi dún. Ó wá ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ó tan MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò bóyá ó ní àṣìṣe. Mi ò tíì rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà ní ọjà yẹn rí, torí ó ń pẹ́. Kò pẹ́ tí ìlà pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. RAM náà ní àìsàn, bẹ́ẹ̀ Windows ì bá gbé e bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí di ọjọ́ tí fáìlì oníbàárà bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó jù ú sínú páálí tí wọ́n ń kó òkú RAM sí, ó mú òmíràn. Iná lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ lórí ìnvátà, mi ò gbọ́ ìmí ẹ̀dùn kan lẹ́nu rẹ̀. Èyí yege.

Bí mo ṣe ń dìde ni ọ̀gá ní owó iṣẹ́ ku ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Owó iṣẹ́ kí ni? Mo ka ẹgbẹ̀rún méjì náà, mo fi lé ọmọ yẹn lọ́wọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? 16.0 GB, 1600 MHz. Corel, Photoshop àti Chrome ń ṣí papọ̀, mouse ò dúró mọ́, báńnà ńlá tí mo máa ń gé sí méjì kí n tó lè ṣe é ti ń ṣí lódindi. Bó ṣe ń pẹ́ kó tó tàn láàárọ̀ ni kò yí padà, háàdì-dísìkì ló fa ìyẹn, RAM ò lè tún un ṣe. SSD (èyí tó yára ju háàdì-dísìkì lọ) ló kàn, ọ̀dọ̀ wọn náà sì ni mo ti máa rà á.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè ọmọ tó ní súkúrúdíráfà lápò ẹ̀yìn. Tí ọ̀gá bá ní òun fúnra òun ló máa ṣe é fún yín, ẹ ní ẹ̀ ń lọ jẹun, ẹ ń bọ̀.