Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta táńkì ẹja "tí wọ́n ti fọ̀ tán" n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará mi tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ n'Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fura. Ọkùnrin kan ń ta táńkì gíláàsì àlòkù káàkiri orí Facebook àti WhatsApp. Lónìí á ní Mọ́kọ́lá lòun wà, lọ́la á ní kí ẹ wá pàdé òun ní Challenge. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́rọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹ ó dá a mọ̀: "Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ ṣáà pọnmi sí i kí ẹ da ẹja sí i lónìí."

Àbúrò mi obìnrin ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ra goldfish mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹja náà ti ń la ẹnu wàá lójú omi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti kú, wọ́n léfòó. Ó pè é. Èsì tó fọ̀ ni pé, "Àǹtí mi, omi kànga yín ni ò dáa. Mo ní oògùn rẹ̀ níbí." Ẹ wo ìwà ọ̀dájú! Ó ta táńkì, ó ta ẹja, ó tún fẹ́ ta oògùn lé e. Bẹ́ẹ̀ ẹja méjì tó ṣẹ́kù sínú bàsíà, nínú omi kànga yẹn kan náà, ń jẹun, wọ́n ń ta pọ́ún pọ́ún.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo da omi náà nù, mo sì fi imú sí igun táńkì, níbi tí gíláàsì méjì ti pàdé. Òórùn Izal ló gbà mí nímú, lẹ́yìn tí omi ti sun inú rẹ̀ mọ́jú! Sílíkónì tí wọ́n fi lẹ gíláàsì pọ̀ máa ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mu, á wá máa tú u sómi díẹ̀díẹ̀. Izal, Dettol àti ọṣẹ ìfọṣọ wúlò fún ilé ìwẹ̀ àti aṣọ o, àmọ́ májèlé ni wọ́n fún ẹja. Ọṣẹ nìkan a máa bó ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja, a sì máa ba ibi tó fi ń mí jẹ́.

Ohun kejì tí mo rí burú jùyẹn lọ. Ó fi sílíkónì tuntun ra orí ti àtijọ́. Tuntun kì í di àtijọ́ mú dáadáa. Ńṣe ló yẹ kí wọ́n há ti tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá. Èyí tí wọ́n sì ń tà fún balùwẹ̀ sábà máa ń ní oògùn tó ń dènà ìdọ̀tí dúdú ara ògiri, ẹja ò sì lè bá ìyẹn gbé. Táńkì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan àbọ̀, tó sì ga bákan náà, á gba omi bíi lítà 190. Kílò 190 nìyẹn, láìka gíláàsì mọ́ ọn. Ẹ wá rò ó wò bí gọ́ọ̀mù yẹn bá já lóru, tí wáyà iná wà nílẹ̀ pálọ̀.

Ká tiẹ̀ ní ó fọ̀ ọ́ dáadáa, irọ́ ṣì ni "ẹ da ẹja sí i lónìí". Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹ kù máa ń di amóníà, tó máa ń pa á. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó dára, tó ń gbé nínú fílítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táńkì, ló ń sọ amóníà di ohun tí ẹja lè fara dà. Ohun tó pa kòkòrò àìsàn yóò pa àwọn yẹn náà, ó sì sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó gbilẹ̀ padà.

Tèmi ni pé bí ẹ bá máa ra àlòkù, ẹ ra èyí tó dọ̀tí. Èérí funfun tí omi fi sílẹ̀ lára gíláàsì kò le, fínígà funfun á mú un kúrò. Èyí tó ń dán gbinrin tó ń ta sánsán ni kí ẹ sá fún. Ẹ bèèrè ẹja tó gbé inú rẹ̀, ohun tó pa wọ́n, àti bóyá wọ́n fi oògùn oníbàbà sí i rí, torí bàbà a máa há sínú òkúta àti sílíkónì, a sì máa pa ìgbín omi àti edé. Ẹ ní kó pọnmi kún un lójú yín, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24. Onítọ̀hún á ní òun ò ráyè. Ẹ máa lọ.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ da òkúta àti fóòmù fílítà àtijọ́ nù. Ẹ fi fínígà fọ èérí, ẹ ṣàn án dáadáa kí Hypo tó kàn án, torí àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé: afẹ́fẹ́ olóró ló máa jáde. Hypo tí kò ní lọ́fínńdà ni kí ẹ lò, ife 1 sí ife omi 9, níta gbangba, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ ṣàn án léraléra, ẹ lo oògùn tó ń pa kulorínì inú Hypo, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ títí òórùn náà ò fi sí mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o! Kòkòrò kan wà, Mycobacterium marinum, tó máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ọwọ́ èèyàn, á di kókó tí kì í tètè san. Hypo kì í sábà rí i pa tán; bí gíláàsì bá ti gbẹ, ẹ fi spirit 70% nù ún, kí iná má sí nítòsí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kó sí i lọ́wọ́, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ má sì pa ẹ̀rí owó tí ẹ san rẹ́. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ẹ sì lè fi ẹjọ́ sùn wọ́n. Ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà báyìí. Táńkì tó ń gbé fọ́tò rẹ̀ kiri lọ́wọ́lọ́wọ́ wà lórí tábìlì onírin dúdú, sílíkónì tuntun funfun báláú sì wà ní igun rẹ̀ lápá òsì. Owó àsansílẹ̀ ló ń bèèrè kó tó jẹ́ kí ẹ wò ó. Ẹ má san án.