Ìbòjú onígi àwọn Dan: olójú tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí olójú róbótó?

Dan, Yacouba, Gio: bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú orúkọ mẹ́ta yìí lára ìbòjú tí wọ́n ń tà, ẹ̀yà kan náà ni. Ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire ni wọ́n ń gbé, ní agbègbè Man àti Danané, wọ́n sì wà ní Nimba ní Làìbéríà. Ẹ má fi ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa wò ó o. Orí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jókòó lé. Ti Dan, ojú gan-an ló ń bò, ihò tó yí etí rẹ̀ ká ni wọ́n sì fi ń so aṣọ àti ìko mọ́ ọn.

Oríṣi méjì ni olùrà sábà máa ń ronú lé lórí.

Èkíní ni dean gle. Ojú rẹ̀ rí bí ẹyin, iwájú orí rẹ̀ yọ, ihò ojú rẹ̀ kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Wọ́n a máa fi ẹfun kun ojú àwọn kan. Ọkùnrin ló ń gbé e, àmọ́ ìwà obìnrin ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: òun ló ń jáde láti àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ àwọn ọmọkùnrin nílà, tó ń wá sí ìlú láti tọrọ oúnjẹ fún wọn lọ́wọ́ àwọn ìyá.

Èkejì ni olójú róbótó. Ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ rí iwájú, ìdí nìyẹn tí ihò ojú rẹ̀ fi tóbi. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀, gunye ge, ń bá ọkùnrin tí kò gbé ìbòjú sáré ìje. Òmíràn, zakpai ge, ní tirẹ̀ ń ká ìlú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti rí i pé àwọn obìnrin ti pa iná ìdáná kí afẹ́fẹ́ tó gbé e dé orí òrùlé; òun ló sábà máa ń ní aṣọ pupa yí ojú ká.

Bó bá jẹ́ ẹwà lẹ ń wá, dean gle ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n nítorí ẹwà yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ àfarawé rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Bákan náà, ọlọ́jà tó bá fi ìrísí nìkan sọ pé "ti iná nìyí" ń méfò ni. Láàárín àwọn Dan, ìbòjú lè yí iṣẹ́ padà: èyí tó ń dá aráàlú lára yá lónìí lè ga débi tí yóò máa parí ìjà.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò pẹ́ jù. Èyí tí wọ́n ti gbé jó nítòótọ́ á dán níbi tí iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n ti ń fara kàn án. Òógùn á ti mú un dúdú, kò sì ní dọ́gba. Okùn á ti jẹ etí àwọn ihò rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún títà, gbogbo inú rẹ̀ á dúdú bákan náà, ihò rẹ̀ á mọ́ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ lu ú. Ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ nù ún: bí pólíìṣì bàtà bá yọ, ẹ ti rí ìdáhùn.

Iṣẹ́ tuntun kì í ṣe ẹ̀gàn. Èmi yóò kúkú ra tuntun lọ́wọ́ agbẹ́gilére tó sọ orúkọ ara rẹ̀ ju "àtijọ́" tí kò ní ìwé lọ. Fún àtijọ́, ẹ bèèrè ẹ̀rí pé ó ti kúrò nílùú ṣáájú 1970, ọdún àdéhùn UNESCO lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ tún wo àwòrán èyí tó wà ní Peabody Museum ní Harvard, níbi tí àwọn tí George Harley, dókítà míṣọ́nnárì, kó jọ ní Làìbéríà wà, àti ní Museum Rietberg ní Zürich, kí ojú yín lè mọ̀ ọ́n.

Àwọn kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ náà wà. Ààbò ara ẹni ni wọ́n wà fún, owó wọn sì lè rọrùn, ṣùgbọ́n àfarawé wọn pọ̀ gan-an.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbọn ìbòjú náà sórí bébà. Bí ìyẹ̀fun igi bá dà jáde láti inú àwọn ihò wínníwínní, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀ láàyè. Ẹ má gbé e wọ ilé tí ère mìíràn wà.