Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ dísù tòkunbọ̀ ní Mushin

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ ka èyí ná. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, n ò fẹ́ kó kan ẹlòmíì.

Ẹja dídì ni mò ń tà ní Òyìngbò. Mo lọ bá ọ̀gá kan ní ìsọ̀ rẹ̀, mo ní jẹnẹrétọ̀ 27 kVA ni mò ń wá (kVA ni wọ́n fi ń wọn bí jẹnẹrétọ̀ ṣe lágbára tó). Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí páànù pélébé ara alternator, apá tó ń mú iná jáde: 27 kVA gbàgàdà. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó so gílóòbù mẹ́rin mọ́ ọn, ó ní, "Ìyá wa, ṣé ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀?" Mo sanwó.

Nígbà tí a gbé e délé, ẹ̀rọ kóòlù rúùmù àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí a ṣe tan èkejì báyìí, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, èéfín dúdú kìjikìji bolẹ̀, gílóòbù pọ́n bí ẹyin iná, ó kú. Ẹja mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Mẹkáníìkì àdúgbò ló fi kẹrosíìnì àti àkísà nu ọ̀dà tí wọ́n kùn bo páànù ara ẹ́ńjìnnì. Kí la rí? 16 kW, ìyẹn ni gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì náà ní.

Ara ẹ́ńjìnnì ni agbára ti ń wá. Alternator kàn ń sọ ọ́ di iná ni. Ẹ fi 0.8, tí wọ́n sábà fi ń sọ kVA di kW, sọ 27 kVA di púpọ̀, 21.6 kW ni yóò fún yín. Ẹ́ńjìnnì tó máa gbé e gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí alternator náà ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Níbo ni 16 ti máa rí i? Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì ńlá, wọ́n so kékeré mọ́ ọn.

Èéfín yẹn náà kì í parọ́. Dísù ò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i. Pístìnì ló ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí á fi gbóná janjan. Bí nósù bá ti fọ́n epo sí i, epo á gbiná fúnra rẹ̀. Tí ẹrù bá ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ, epo tó ń wọlé á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó máa jó o lọ. Ohun tí kò jó tán ló ń di dúdú.

Tí ẹ bá rí iye kW méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí páànù, èyí tí wọ́n kọ prime sí, ìyẹn agbára tó lè fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ni kí ẹ gbà. Standby máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá jù ú lọ, àmọ́ ẹni tí iná ìjọba kì í sábà lọ nílé rẹ̀ ló wà fún.

Ọ̀gá náà kò gbé fóònù mi mọ́. Ẹni tó bá rí ọ̀dà tuntun lórí páànù ẹ́ńjìnnì, kó ní kí wọ́n nu ún níṣojú òun. Bí wọ́n bá kọ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ.