Gìtá Martin D-28: ohùn rẹ̀, iṣẹ́ inú rẹ̀, àti ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ ọyẹ́

Láti 1931 ni ilé-iṣẹ́ Martin ti ń ṣe D-28 ní Amẹ́ríkà. Èyí tí à ń yẹ̀ wò níbí ni irú èyí tí wọ́n tún tò ní 2017. Ó ju dọ́là 3,000 lọ kí a tó dárúkọ owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù, nítorí náà kò yẹ kéèyàn torí orúkọ nìkan rà á.

Béèsì ló fi ń kíni. Ẹ ta okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, láì tẹ fírẹ́tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) kankan, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn: igi náà á máa gbọ̀n, ohùn náà ò sì ní tètè kú. Ara rẹ̀ tó gbàǹgbà ló fà á jù. Igi rosewood ilẹ̀ Íńdíà tó wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ tún fi ìró tó ń fà kún un. Ohùn àárín rẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀, ibẹ̀ sì ni ohùn akọrin ti máa ń ráyè. Ẹni tó ń fi pick, ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn, gbá gbogbo okùn lẹ́yìn ẹgbẹ́ akọrin ti rí tirẹ̀: bó ti wù kó gbá a le tó, ohùn kì í fọ́.

Àmọ́ ẹni tó ń fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e nìkan ta gìtá, bíi ti àwọn àgbà onígìtá ìdí ẹmu, kó rò ó dáadáa. Orí okùn kìíní àti ìkejì ni orin rẹ̀ wà, béèsì D-28 á sì bò ó mọ́lẹ̀, pàápàá bí máíkì bá kọjú sí ihò gìtá. D-18, gìtá Martin mìíràn tó jẹ́ igi mahogany lẹ́yìn, ló bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu, kò sì wọ́n tó o.

Igi spruce gidi ni ojú rẹ̀. Igi méjì tó dábùú ara wọn bí X lábẹ́ ojú yìí ni wọ́n sún mọ́ ihò ní 2017, kí ibi tí bírìjì, igi tí a so ìdí okùn mọ́ lójú gìtá, wà lè ráyè mì sí i. Wọn ò gbẹ́ ikùn àwọn igi náà bíi ti HD-28, gìtá Martin mìíràn. Ìdí nìyẹn tí béèsì rẹ̀ fi le, tí kì í dún bọ̀ǹbọ̀. Nut rẹ̀, ibi tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn, fẹ̀ tó 44.5 mm, ẹni tí ìka rẹ̀ tóbi kò ní máa tẹ okùn méjì pọ̀. Egungun ni nut àti saddle, èyí tí okùn gùn lórí bírìjì. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ohun tí a fi ń wé okùn: irú àtijọ́ tí eyín rẹ̀ wà níta ni, eruku ilẹ̀ wa ò sì ní fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ayédèrú Martin pọ̀ lọ́jà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré, kí ẹ wo inú ihò. Wọ́n máa ń tẹ D-28 àti nọ́ńbà gìtá sára igi tó wà ní ìdí ọrùn. Ẹ fi nọ́ńbà náà wé ọdún tí olùtà pè, torí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ọrùn náà kì bọ ara, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí bóòtù níbẹ̀, ẹ yáa fi sílẹ̀. Ẹ tún wo etí ihò: ìlà igi gbọ́dọ̀ bá a wọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá rí bí ìpele mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, plywood ni.

Ní ti títò, okùn 13 sí 56 là ń wí (bí wọ́n ṣe nípọn tó nìyẹn, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì, láti okùn kìíní dé ìkẹfà). Ẹ tẹ okùn kẹfà ní fírẹ́tì kìíní àti ìkẹrìnlá pa pọ̀. Àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní fírẹ́tì keje yẹ kó jẹ́ 0.15 sí 0.25 mm. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ti inú ihò ki Allen key 5 mm tó gùn bọ irin inú ọrùn, kí ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká. Ẹ tún okùn tò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n padà. Ní fírẹ́tì kejìlá, 2.4 mm dára fún okùn kẹfà, 1.8 mm fún okùn kìíní. Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù ní 0.5 mm, 1 mm ni ẹ máa há kúrò nísàlẹ̀ saddle, lórí sáńpépà tí ẹ tẹ́ sórí gíláàsì, kí ìdí rẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bí ẹ bá bọ́ sórí okùn 12, tó tín-ín-rín ju 13 lọ, ọrùn á nà torí pé fífà okùn ti dín, okùn á sì máa ha fírẹ́tì ìbẹ̀rẹ̀. Irin ọrùn ni kí ẹ tú díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan saddle.

Ọ̀rinrin 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni gìtá yìí fẹ́. Nígbà òjò l'Ékòó, ojú rẹ̀ á wú lẹ́yìn bírìjì, okùn á ga. Bí ọyẹ́ bá dé, ojú á rì, okùn á lọ sílẹ̀, orí fírẹ́tì á yọ létí ọrùn, á máa ha ọwọ́. Lílà ló kàn. Ẹ rẹ fóòmù kékeré sómi, ẹ fún un kó má kán mọ́, ẹ fi sínú àwo ọṣẹ oníhò, kí ẹ gbé e sínú àpótí gìtá lábẹ́ ọrùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fáìlì orí fírẹ́tì kúrò lásìkò yìí: igi ló sún kì, bó bá mu ọ̀rinrin padà, á bò ó.

Fáníìṣì ara rẹ̀, nitrocellulose, dára lójú ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni. Ìpara ẹ̀fọn tó ní DEET á yọ́ ọ, rọ́bà ìdúró gìtá náà á ba ibi tó bá fara kàn jẹ́. Búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án ńkọ́? Gọ́ọ̀mù á rọ̀, bírìjì á ṣí.

Kò ní pickup, ohun tó ń gbé ohùn gìtá lọ sí sípíkà. D-28E ló ní in. Bí ẹ bá fi sí i fún ṣọ́ọ̀ṣì, ara gbàǹgbà yẹn á máa hu níwájú sípíkà, nítòsí 100 Hz. Ẹ fi ìdérí rọ́bà dí ihò rẹ̀, kí ẹ sì dín ibẹ̀ yẹn kù lórí míksà. Ẹ má dín gbogbo béèsì, torí òun gan-an lẹ sanwó fún.