Gíà ẹ̀yìn Hilux àtijọ́: àyẹ̀wò ìsọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìkòròdú

Gíà ẹ̀yìn tí à ń wí níbí ni dífáránṣà, àpótí gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kì í ṣe gíà rífáàsì. Ìsọ̀ yìí wà lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ìtóìkín. Ohun tó dáa jù níbẹ̀ ni pé wọn kì í sọ pé kí ẹ lọ ra odidi gíà tòkúnbọ̀ wá kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ké. Tòkúnbọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ (iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń wọ gíà ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) ò bá ti gíà iwájú mu, bíi 4.10 lẹ́yìn, 4.30 níwájú, wàhálà ni: ọjọ́ tí ẹ bá ki ọkọ̀ sí fọ́-wíìlì, tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà.

Wọ́n á kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà. Bó bá ń ké nígbà tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ohùn sì yí padà nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọ̀dọ̀ píníọ̀nù (irin eléyín kékeré tó wà nímú gíà) àti kráùn (òrùka eléyín ńlá tó ń yí) ni wọ́n máa ń wò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì ló ń yí ohùn padà, wíìlì bẹ́ríǹ ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, wọ́n á yọ pùròpẹ́là, ìyẹn ọ̀pá gígùn tó ń wọ gíà, wọ́n á sì mi imú gíà sókè sódò. Kó yí díẹ̀ kì í ṣe àrùn. Bó bá mì sókè sódò, bẹ́ríǹ píníọ̀nù ti lọ nìyẹn.

Wọ́n á wá fa ọ́ìlì rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná lẹ́nu mágínẹ́ẹ̀tì ò burú, àmọ́ èérún pẹlẹbẹ, ara bẹ́ríǹ ló ti já. Wóró irin ńlá, eyín gíà ni. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ òjò Ìkòròdú ti wọlé: gíà tó gbóná bá kó sínú omi, atẹ́gùn inú rẹ̀ á sún kì, bí ihò tó fi ń mí bá sì ti dí, ẹnu síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ni yóò ti fa omi mu. Omi á dípẹtà sára bẹ́ríǹ, bẹ́ríǹ á dẹ̀, píníọ̀nù á sún kúrò lára kráùn, eyín á kán. Onímọ́tò á ní lójijì ni. Lójijì kọ́, bẹ́ríǹ ti ń jẹrà tipẹ́.

Wọ́n ní dáyà géèjì, agogo tó ń wọn àlàfo tín-ín-rín, wọ́n sì ń lò ó: àlàfo eyín kráùn ínṣì 8 gbọ́dọ̀ wà láàárín mìlímítà 0.13 sí 0.18. Wọ́n tún ń kun eyín ní ọ̀dà láti rí ibi tí wọ́n ti ń fara kan ara wọn. Ọ́ìlì 80W-90 GL-5 ni wọ́n ń rọ, títí kan ẹnu ihò.

Àléébù wọn kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe kékeré: crush sleeve àtijọ́ (òrùka irin tó máa ń rún nígbà tí wọ́n bá de nọ́ọ̀tì píníọ̀nù) ni wọ́n ń dá padà sórí píníọ̀nù. Èyí tí nọ́ọ̀tì ti rún lẹ́ẹ̀kan kò lè ti bẹ́ríǹ tuntun bó ṣe yẹ mọ́, ìyẹn ló ń mú kí ariwo tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ ra tuntun dání, kí ẹ sì dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń de nọ́ọ̀tì yẹn.